Orin Kan fún Gbogbo Òkú

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ jókòó sórí ẹní, àti ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá gbogbo wa gbé. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó dá ohùn, tó sì dá etí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ láàárọ̀ yìí kò gùn. Ó dá lórí iṣẹ́ ẹni àti ariwo àwọn èèyàn. Bí Ọlọ́run bá fún ọ ní ẹ̀bùn, àmánà ni, ohun tó fi pa mọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó o bá rí i pé wọ́n á yìn ọ́ bó o ṣe é dáadáa, wọ́n á sì yìn ọ́ bó ò ṣe é dáadáa, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ̀rù bà ọ́.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, sọ fún wa pé Ọlọ́run fẹ́ràn kí ẹni tó bá dáwọ́ lé iṣẹ́ ṣe é kó gún régé. Ṣé ẹ gbọ́ pé kó gbajúmọ̀ níbẹ̀?

Obìnrin kan wà ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí ní Ìwó. Sàlámátù lorúkọ rẹ̀, oníwákà ni. Mi ò wá síbí láti sọ bóyá ó yẹ ká máa kọrin níbi fìdáù òkú o. Àwọn àgbà ń bẹ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí Sàlámátù kò tíì lórúkọ, bí wọ́n bá ní kó wá kọrin, yóò kọ́kọ́ lọ sílé olóògbé lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú. Yóò jókòó, yóò máa béèrè: “Kí ni ìyá fẹ́ràn láti máa jẹ? Kí ló máa ń sọ bí inú bá bí i?” Yóò bi aládùúgbò. Yóò tilẹ̀ bi ẹni tí kò fẹ́ràn òkú náà. Tó bá délé, yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò máa kun orin náà sábẹ́ ẹnu títí orin yóò fi jinná. Ó kọrin àgbẹ̀ kan rí, tó máa ń kí ọkọ́ rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni kí ìyàwó. Ọkùnrin tí òun àti àgbẹ̀ náà ti bára wọn jà lórí ààlà oko fi fìlà bojú, ó sunkún.

Bí orúkọ ṣe dé nìyẹn. Orin rẹ̀ bọ́ sórí fóònù, àwọn ọlọ́kadà ń gbọ́ ọ, ó dé Òṣogbo, ó dé Ìbàdàn. Ó wá di fìdáù mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìgbà wo ló fẹ́ lọ jókòó nílé ẹnikẹ́ni? Ló bá ṣe orin kan sílẹ̀ fún bàbá, ó ṣe ọ̀kan fún ìyá. Orúkọ nìkan ló ń yí padà. Ti ìyá ló mì ìlú tìtì. “Ìyá Ọlọ́mọ” ni wọ́n ń pe orin náà.

Elégbè rẹ̀ kan, Múnírátù, sọ fún un pé: “Ẹ̀gbọ́n mi, a ò tíì délé olóògbé yìí o. A ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.”

Sàlámátù rẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà! Ṣé òkú kan ń gbọ́rin ju òkú kan lọ ni? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé wọn ò ké ‘sàdáńkátà’ ni?”

Wọ́n ké e. Òótọ́ ló sọ. Àwa la ké e, ẹ̀yin èèyàn mi. Orin tá a gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé, òun náà la gbọ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Bàbá Lásísì, tó máa ń dí ihò búútà àlùwàlá fún wa, ìyàwó rẹ̀ kú. Wúlémọ́tù lorúkọ rẹ̀. Ogójì ọdún ló lò nílé ọkọ, kò bímọ. Wọ́n ní kí Bàbá fẹ́ òmíràn, ó kọ̀. Bí ìjà bá dé nídìí kànga, àgàn ni wọ́n ń pe Wúlémọ́tù. Ṣùgbọ́n bí olóòlà bá dé láti dábẹ́ fún ọmọkùnrin àdúgbò, itan Wúlémọ́tù ni wọ́n ń gbé ọmọ lé, torí pé àwọn ìyá ọmọ kì í lè wò ó. Òun ni yóò dì í mú, tí yóò máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bí ọmọ náà bá wá dàgbà, tó ní irùngbọ̀n, tí Wúlémọ́tù bá pàdé rẹ̀ lójú pópó, yóò ní: “Ọkọ mi, ṣé o ti dákẹ́ ẹkún?”

Bàbá Lásísì lọ sílé Sàlámátù. Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àsùbá títí di àìlà. Nígbà tí Sàlámátù jáde, fóònù wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀.

“Ìyá Oníwákà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọrin ọmọ o. Itan rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Wọ́n ti pè é lágàn tó láyé. Ẹ jẹ́ kí ìlú gbọ́ ohun tó ṣe, lẹ́ẹ̀kan péré.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá. A máa ṣe é.”

Ṣé ó gbọ́? Etí tó wà lára fóònù ni Bàbá ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ fìdáù, Sàlámátù pẹ́ dé. Inú ọkọ̀ ló ti bi Múnírátù pé, “Kí lorúkọ tibí?” Ló bá sọ̀ kalẹ̀, ó gba gbohùngbohùn:

“Wúlémọ́tù, ìyá ọlọ́mọ,
Ọmọ lẹ bí, ọmọ ló sin yín.
Ẹni tí ò bímọ sáyé,
Ta ni yóò dárúkọ rẹ̀?”

Ó wá ké bó ṣe máa ń ké: “Ẹ̀yin ọmọ ìyá, ẹ dìde! Ẹ jẹ́ ká rí yín!”

Kò sẹ́ni tó dìde. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín sínú ìbòrí rẹ̀. Òmíràn ní, “Ọmọ kẹ̀? Ibo ló bí wọn sí?” Sàlámátù rò pé ojú ló ń tì wọ́n. “Ẹ má tijú o! Àwọn ọmọ Wúlémọ́tù, ẹ dìde!” Múnírátù ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí. Ó kéré tán, ogún ọkùnrin ló wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn tó ti sunkún lórí itan ìyá náà. Mo wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wa.

Bàbá Lásísì ká ẹní rẹ̀, ó lọ sílé kí wọ́n tó ṣe àdúà ìparí.

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí fóònù gbogbo ìlú kó tó di alásárì. Ẹ̀rín la fi ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, Sàlámátù wá tọrọ gáfárà, ó kúnlẹ̀. Bàbá ní, “Mo ti forí jì yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ fún mi báyìí, kí èmi nìkan gbọ́.” Ó tún sọ ohun gbogbo fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: itan, ẹkún, “ọkọ mi”. Sàlámátù dijú. Ó gbìyànjú. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Ó tún gbìyànjú. Nígbà tí ohùn náà máa jáde, ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn “Ìyá Ọlọ́mọ” ló bá jáde. Kò rí òmíràn nínú ara rẹ̀ mọ́.

Bàbá Lásísì fọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, “Ó tó, ìyá. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi sùn.”

Wọ́n ṣì ń pe Sàlámátù káàkiri o. Ó lọ sí fìdáù méjì lọ́sẹ̀ yẹn náà. Ariwo kò dín kù. Ẹ̀bùn ló lọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nígbà tó ń lọ.

Ìwọ aránṣọ, ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ní kéú, ìwọ tó ń ṣe wáàsí: ṣekárími ni iṣẹ́ tí a kò ṣe fún ẹni tó ni ín. Àwa tá à ń gbọ́ náà, ẹ jẹ́ ká yé yin ohun tá a mọ̀ pé kò dára.

Ọlọ́run Ọba, má jẹ́ kí ìyìn ènìyàn jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wa run. Bí a bá ti ṣìnà, fi ọ̀nà hàn wá kí ohùn tó tán lọ́fun wa. Forí ji Wúlémọ́tù, ṣe Àlùjánnà ní ilé rẹ̀. Kí O sì forí ji àwa ọmọ rẹ̀ tí kò dìde. Àmín.