Wọ́n Ti Pa Àgbò Nítorí Físà Ráńpẹ́

Ní Deira, nílùú Dubai, lórí ìlà bọ́ọ̀sì Sharjah, mo gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin kan níwájú mi ń ṣàlàyé fún obìnrin oníṣòwò tó dúró tì í.

"Ẹ̀gbọ́n, físà ráńpẹ́ lásán ni wọ́n fún mi, kí n fi máa dúró de èsì ìwé ìgbélùú tí mo tọrọ. Mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Tí mo bá sì jáde nílùú, khalas, ó parí nìyẹn."

"Ṣé wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé?"

"Mo kàn fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ́mì ni. Kí n tó ṣàlàyé, wọ́n ti pa àgbò, wọ́n ti pe àwọn àfáà, wọ́n ní ọmọ àwọn ti gba físà Dubai. Gbogbo àdúgbò ló jẹ ẹran."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Èsì yẹn wá ńkọ́?"

"Kò tíì jáde. Físà yẹn tán, wọ́n tún fún mi ní ráńpẹ́ mìíràn."

"Pe Mọ́mì ẹ, jàre. Sọ fún wọn pé o ò tíì rí nǹkan kan gbà."

"Mo ti pè wọ́n láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní á jẹ́ pé àgbò yẹn ló kéré. Wọ́n ti ń wá màlúù."