Ohun Tí Bàbá Wí Kọ́ Ni Mo Sọ fún Yín

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ìgàndó, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí nínú tipẹ́, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Èmi Olúwagbénga tí ẹ ń pè ní agbẹnusọ wòlíì, òpùrọ́ ni mí.

Ẹ rántí bàbá mi, Alàgbà Ṣóbọ̀wálé. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ ní láti tẹ etí sí i lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó ń rí àwọn ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó ń rí àjèjì lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Dókítà pe èmi àti Àǹtí Ìyábọ̀dé, ìyàwó tí Bàbá fẹ́ lẹ́yìn ikú ìyá mi. Ó ní, "Pákínsìn ni, ó sì ti ń wọ ọpọlọ wọn. Wọ́n á máa gbàgbé, wọ́n á máa rí ohun tí kò sí. Ẹ má bá wọn jà, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn wọn dáwọ́ dúró." Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé n kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Bàbá nàka sí igun ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní òun rí obìnrin kan tó ń sunkún, tí mo sì sọ ọ́ síta, arábìnrin kan ké "Halelúyà!", ó ní ìyá òun tó kú ni. Ẹ pariwo pé ẹ̀mí ìran ti bà lé Bàbá. Èmi tí mo tẹ etí sí i lẹ́nu ni gbogbo yín ń wò. Kí n má tún parọ́ mìíràn, ó dùn mọ́ mi. Èmi tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, mo di ẹni tí alàgbà ń kúnlẹ̀ fún. Mo kó oògùn Bàbá dànù, torí wòlíì kì í lo oògùn.

Àǹtí Ìyábọ̀dé nìkan ni kò gbà. "Gbénga, ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà ẹ́ ni? Àìsàn lo sọ di ìran yìí! Tó bá di Sọ́ńdè, màá dìde, màá sọ ohun tí dókítà sọ, jàre."

Ó dìde lóòótọ́. Kó tó la ẹnu, Bàbá tún rí àjèjì rẹ̀, ẹ̀rù bà á. Mo tẹ etí sí i. Ohun tó wí rèé, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi: "Ìyábọ̀dé dà? Ẹ bá mi pè é. Òun nìkan ni ò ní jẹ́ kí wọ́n pa mí." Mo gbójú sókè, mo sì sọ fún yín pé, "Bàbá ní Ìyábọ̀dé ló fẹ́ pa òun."

Ẹ bọ́ aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Ó ń ké pé, "Ẹ bi wọ́n fúnra yín!" Bàbá na ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí i, ẹ ní ó ń lé e ni. Eré ló sá lọ. Òun ló máa ń gbé Bàbá jókòó dáadáa kó tó fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀díẹ̀. Èmi da omi àdúrà sí i lẹ́nu níbi tó dùbúlẹ̀ sí, omi náà sì gba ibi tí kò yẹ lọ. Orúkọ Ìyábọ̀dé ló ń pè kó tó kú. Èmi nìkan ni mo gbọ́.

Àǹtí mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́bàá ìlẹ̀kùn yẹn, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí arúgbó yín bá ń rí ohun tí ẹ kò rí, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Ó ti ń gbọ̀n. Ohùn mi náà ti ń lọ, ìdí nìyí tí mo fi ń yára sọ ọ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ láti ẹnu mi. Láàárọ̀ yìí, mo rí ọkùnrin kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn wa ní Ìdímù, mo sì sọ fún ọmọ mi, Hephzibah. Kò bẹ̀rù rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ etí sí mi lẹ́nu, ó ní, "Dádì, kí lẹ tún rí? Kí ni kí n sọ fún ìjọ?"