Ẹfun Tí Mo Fi Bo Sìmẹ́ńtì Lára Ògiri Màmá Ràdíyàtù

Ẹ̀yin ará ilé Màmá Ràdíyàtù ní Koumassi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Èmi Àbdùlgàfár ni, Gàfárù tí ẹ mọ̀, bíríkìlà tó ní òun fi ọwọ́ òsì kọ́ ilé alájà mẹ́rin kí tíì òun tó tutù. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọdún méjì, ó tóbi ju erin tó pọn erin lọ. Bí n kò bá bì í lónìí, òjò tó ń ṣú bọ̀ yìí ni yóò bá mi sọ ọ́, òjò kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ní dimanche, ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo wá bá Màmá, mo ní, "Màmá, ọ̀daràn ni mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Gàfárù, o tún ti dé! Èwo lo tún gbé wá lónìí?" Solange, ìyàwó ọmọ wọn, tó ń dín àlókò, dòdò tiwa níbí, tà lábẹ́ ògiri, ní, "Tonton, ẹ̀ ń pa wá lẹ́rìn-ín o!" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé iná rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ibi tí àwàdà bá mi dé nìyẹn: ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ òótọ́, kò sẹ́ni tó gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Ìwé kì í ṣẹ́jú síni.

Ẹni tí kò sí níbẹ̀, kó gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ògiri òkúta pupa tó wà láàárín ẹ̀yìn ilé Màmá àti ọ̀sà, bàbá ọkọ wọn tó ti Ṣakí wá ló kọ́ ọ. Ẹfun ni wọ́n fi so òkúta rẹ̀ pọ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní chaux. Nígbà tí ẹfun náà gbó, tó ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́, Màmá pe èmi àti Taïrou, ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́, pé ká gbẹ́ èyí tó gbó kúrò láàárín àwọn òkúta, ká fi tuntun dí i. Taïrou fọwọ́ pa òkúta bí ẹni ń fọwọ́ pa orí ọmọ. Ó ní, "Òkúta rírọ̀ ni. Ohun tí a ó fi dí i gbọ́dọ̀ rọ̀ jù ú lọ. Ẹfun kan sí iyanrìn mẹ́ta, ká máa fi àpò tútù bò ó kó lè gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì dí i, omi tó bá wọnú ògiri kò ní rọ́nà jáde, òkúta fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ́." Màmá ní, "Gàfárù, gbọ́ tirẹ̀. Bí bàbá ṣe ṣe é nìyẹn." Mo gbọ́. Etí mi kò di, ìyẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ mi. Ṣùgbọ́n mo ti lanu gbàgàdà níwájú àdúgbò pé ògiri yóò parí kí Tabaski, Iléyá wa, tó dé, pé bí kò bá parí, kí wọ́n so mí mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbò. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà péré. Ẹfun Taïrou á gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi tí mo ń fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́!

Ìyá Taïrou ń ṣàìsàn ní Abobo lódìkejì ìlú, Taïrou ní òun fẹ́ lọ tọ́jú wọn fún ọjọ́ mẹ́rin. "Máa gbẹ́ ẹ lọ, má dí nǹkan kan kí n tó dé." Kò tíì jókòó tán sínú gbaka, bọ́ọ̀sì èrò, tí mo ti ya àpò sìmẹ́ńtì. Màmá ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù olóògbé ọkọ wọn tí wọ́n máa ń so mọ́ etí ìró, òun ni wọ́n fi ń dán ògiri wò. Ẹfun a máa gba ẹnu kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, sìmẹ́ńtì kì í gbà. Kí ni mo ṣe? Mo po ẹfun, mo fi bo ojú sìmẹ́ńtì, kò nípọn ju èékánná lọ. Màmá fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ́, ìyẹ̀fun funfun bọ́. "Alùbáríkà, Gàfárù! Ọwọ́ rẹ kò ní rọ." Mo ṣe àmín. Èmi yìí! Nígbà tí Taïrou dé, mo ní, "Mon vieux, ọ̀rẹ́ mi, ẹfun rẹ náà ni, ọwọ́ mi ló yá." Ó rí funfun, ó gbà mí gbọ́.

Òjò ọdún kejì ni ojú òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo iṣu sísè, ikùn ògiri sì ń wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, apá òsì wó, òkúta fọ́ ẹsẹ̀ Màmá. Ẹ gbọ́ ibi tí mo ti di ẹranko. Nígbà tí ẹ̀ ń sáré gbé wọn lọ sọ́sípítù, tí ẹ̀ ń pariwo pé Gàfárù dà, èmi wà lẹ́yìn ilé, mo ń kó àwókù dà sínú ọ̀sà kí ẹnikẹ́ni má baà rí sìmẹ́ńtì. Mo ń gbọ́ igbe Màmá, mo sì ń kó o. Nígbà tí ẹ wá bèèrè ta ló ní ká fi ẹfun ṣe é, mo dìde, mo ní, "Mo sọ fún un! Taïrou rò pé ọmọ jòjòló ni ògiri, ó ń fi pọ́dà pa á lára." Ẹ rẹ́rìn-ín. Taïrou ní, "Gàfárù, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é síṣẹ́ mọ́. Ó ń pe èrò sínú gbaka ní Abobo, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́ èdè òkúta.

Ní báyìí Màmá ní kí n wá fi sìmẹ́ńtì mú apá ọ̀tún le, torí ẹfun ti dalẹ̀ àwọn. Sìmẹ́ńtì mi ló wà nínú ẹ̀ náà, ikùn rẹ̀ sì ti ń wú. Àyà mi ń lù débi pé àwọn ará Ghana á máa bèèrè ẹni tó ń gún iyán. Bí ẹ bá ṣì rò pé eré ni, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ Màmá họ ìpẹ̀kun ògiri, níbi tó ti kúrú, kó jìn ju èékánná lọ. Funfun á tán, àwọ̀ eérú á yọ, kọ́kọ́rọ́ á kọ̀. Ibẹ̀ ni irọ́ mi wà. Ẹ lọ bẹ Taïrou, òun ni kó yan ohun tí a ó pò. Èmi á máa rin àpò lómi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àdúgbò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹnu yín ni kó dúró de ògiri, kí ògiri má dúró de ẹnu yín.

Màmá, ẹsẹ̀ yín ni mo fi ṣeré. Ẹ má tíì dárí jì mí. Òjò ti ń kán. Ẹ kọ́kọ́ fa Solange kúrò lábẹ́ ògiri yẹn.