Kọ̀ǹpútà Tí Kò Bá Àǹtí Sọ̀rọ̀

Láyé tí kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ ohun àrà, mo wọ mọ́tò láti Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ọ̀yọ́, obìnrin tó jókòó tì mí sì ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé jà lórí kọ̀ǹpútà pẹ́ńpẹ́ kan tí obìnrin náà gbé lé itan.

"Láti ìgbà tí àìsàn ti mú ọwọ́ mi, mi ò lè di bírò mú mọ́. Mo ní kí o wá nǹkan tí mo lè fi ìka kan tẹ̀. Mo tan eléyìí, kò bá mi sọ nǹkan kan. Ó kàn ń ṣẹ́jú sí mi!"

"Àǹtí mi, ẹ ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn àṣẹ tí ẹ ó máa tẹ̀ fún un ni. Ètò kan wà tó ń to iṣẹ́ sílẹ̀ kéèyàn fi ìka yàn, àmọ́ ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Èyí tí mo fi sí i lágbára jù ú lọ."

"Èmi ńkọ́? Ìgbà wo ni mo ti mọ̀ ọ́n?"

"Ojú ló ń tì mí láti fi ti ọmọdé sí i fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olùkọ́ àgbà."

"Lánàá, mo jókòó tì í títí, mi ò lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọmọ mi. Ta lo ra kọ̀ǹpútà yìí fún, èmi àbí ojú rẹ?"

Nígbà tí a dé ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin náà na ọwọ́.

"Ẹ gbé e wá. Ètò kejì tí mo sọ yẹn wà nínú ẹrù mi nílé."

Obìnrin náà fi ìró bo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Mi ò gbé e fún ọ. Níṣojú mi ni wàá ti fi sí i."