Ìtọ̀ Mi Ni Wọ́n Yẹ̀ Wò, Kì Í Ṣe ti Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Inú ń bí mi gan-an, ara mi ni mo sì ń bínú sí jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti pa oògùn tì, ọ̀sẹ̀ kejì rèé, mo sì mọ ohun tó fà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.

Tàtàṣé ni ẹ̀gbọ́n mi yìí, Aunty Rísí, ń tà ní Mile 12. Ó ní kòkòrò HIV. Èmi àti ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Bọ̀dá Múdà, nìkan la mọ̀. Kí ojú má baà rí i ní kílíníìkì, èmi ni mo ń bá a lọ gba oògùn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í ṣeré. Ó ní ọ̀kan nínú oògùn náà lè pa kídìnrín lára, kí n máa gbé ìtọ̀ rẹ̀ wá fún àyẹ̀wò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìgò ìtọ̀ náà dà sínú báàgì mi lórí ọ̀kadà, nítòsí Kétu. Mo bẹ̀rù àtipadà. Ẹ ò mọ bí Aunty Rísí ṣe ń búni bí ọkọ̀ ata bá ti dé! Mo wọ ilé ìtọ̀ kílíníìkì, mo ṣan ìgò, mo tọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò séwu.

Nígbà kejì, ìtọ̀ Aunty Rísí ń hó bí omi ọṣẹ. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á rí i pé kò jọ ti àkọ́kọ́, àṣírí mi á tú. Mo dà á nù, mo tún tọ̀ sí i. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe mọ́. Ìkà ni.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú àti ẹsẹ̀ Aunty Rísí wú. A gbé e lọ sí kílíníìkì náà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dókítà ní oògùn kan ti ń ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́, pé àwọn á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, pé ó ṣì ní àtúnṣe. Bọ̀dá Múdà kọjú sí nọ́ọ̀sì.

"Twice lẹ tẹ́ẹ̀sì ìtọ̀ ẹ̀, ẹ ní ó okay! Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni? A ò gba oògùn yín mọ́ o!"

"Bọ̀dá, ohun tí mo rí ni mo sọ," nọ́ọ̀sì wí, ó sì bú sẹ́kún.

Èmi ńkọ́? Mo pòṣé sí i, bíi pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ wo àìnítìjú!

Gbogbo oògùn ni Bọ̀dá dà sí gọ́tà, títí kan àwọn tí kò ṣe kídìnrín ní nǹkan kan. Àgbo ló ń gbé wá báyìí. Ó ń fọ́nnu pé òun gba àbúrò òun lọ́wọ́ ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a wí? Ẹ má wulẹ̀ pa òwe irọ́ ogún ọdún fún mi, mo mọ̀ ọ́n.

Lánàá, Aunty Rísí pè mí.

"Ìwọ lo máa ń gbé e lọ. Ṣé wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò lóòótọ́?"

Mo ní, "Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Aunty mi. Wọn ò mọṣẹ́ ni."

Ó ní kí n bu àgbo wá. Mo bù ú, ó mu ún, ó sì súre fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n jẹ́wọ́. Kí ni màá kọ́kọ́ sọ? Ẹ tètè sọ fún mi. Ojú rẹ̀ tún wú sí i láàárọ̀ yìí.