Ohun Tí Wọ́n Pe Sólánjì

— Màmá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé ọmọ ẹrú ni àwọn ará Màtìníkì?
— Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?
— Wọ́n ń sọ ọ́ níta.
— Pa ràdíò yẹn. Ẹ jókòó, gbogbo yín. Mo ní kí ẹ jókòó!

Nígbà tí mo ṣì lè fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò Adido láìsinmi, abẹ́ ìjọba sójà la wà. Kamarádì, ẹgbẹ́ ẹni, ni gbogbo ènìyàn ń jẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ yìí. Olùkọ́, kamarádì. Àgbẹ̀, kamarádì.

Obìnrin kan wá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, Sólánjì. Màtìníkì ni wọ́n bí i sí, erékùṣù kan lókè òkun. Ó dúdú bí èmi báyìí. Àwọn ọmọdé ń pè é ní òyìnbó dúdú. Àwọn olùkọ́ ní mètísì ni, àdàlù òyìnbó àti adúláwọ̀. Òun a ní, "Antiyé ni mí, ọmọ erékùṣù ọ̀hún. Ṣé ó ṣòro pè ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi, Àkànbí, fẹ́ fi ṣaya. Ó mú un wá sílé. Sólánjì kúnlẹ̀... ẹ̀yin tòní, ṣé ẹ ń kúnlẹ̀? Orí lẹ máa ń mì, bí alángbá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti oko Bóní dé. Bàbá Bóní là ń pè é. Ó wo Sólánjì títí.

"Ọmọ ilé ta ni?"

Àkànbí sọ ọ́ ní Faransé.

"N kò mọ̀, Bàbá," ni Sólánjì fi Faransé wí. "Wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lọ ni."

Àkànbí tún sọ ọ́ fún Bàbá.

"Wọ́n kó wọn? Wọ́n tà wọ́n! Ẹrú ni. Ẹrú kò ní í bímọ sílé yìí."

Ẹ gbọ́! Ẹnu tó pariwo "gbogbo wa dọ́gba, kamarádì" ní ìpàdé àdúgbò Plateau láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ẹnu kan náà!

Mo ní, "Bàbá, ta ló tà wọ́n? Ṣé òyìnbó ló wọ yàrá wá gbé wọn? Ẹ tà wọ́n tán, ẹ wá ń bi ọmọ wọn ní ilé baba rẹ̀?"

Ìyá mi gbá mi létí. Pàà! Ó ṣì ń dùn mí. Kì í ṣe etí o.

Ẹni tó bá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú yín, ẹ bi í bẹ́ẹ̀. Kó gbá yín létí.

Àkànbí ńkọ́? Ó ń wolẹ̀. Ọkùnrin gìrìwò!

Sólánjì fi Faransé bi í pé, "Kí ni wọ́n pè mí?"

"Wọ́n ní... ó rẹ̀ wọ́n."

Sólánjì dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó yíjú padà, èdè wa ló sì fi sọ ọ́:

"Nítorí ẹ ni mo ṣe kọ́ èdè yín, Àkànbí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀."