Ìwọ̀ Tó Fọ́ Ojú Sàdíátù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má wo bí ìlà wọ̀nyí ṣe wọ́. Ọjọ́ ogbó ni mo tó kọ́ a-bí-dí. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Gbogbo ilé wa ní Ofin, ní Ṣàgámù níbí, ló gbà pé àṣìṣe Ọdẹ́wálé, ọkọ wa, ló fọ́ ojú Sàdíátù, ìyàwó tó fẹ́ lé mi. Irọ́ ni. Èmi Mọ́rọ́nfọ́lá ni mo fọ́ ọ.

Ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ṣàgámù ni. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí omi ọ̀sà níyọ̀, Ọdẹ́wálé a kó wa lọ sápá Ìkòròdú láti pa kúta, ẹja gígùn eléyín mímú. Kì í fi ekòló sí ìwọ̀. Ìyẹ́ àkùkọ funfun ló ń so mọ́ ọn. Á dúró níwájú ọkọ̀, á ju okùn sẹ́yìn, á jẹ́ kó nà tán, kó tó jù ú síwájú, kí ìyẹ́ náà máa ta lójú omi bí ẹja kékeré. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà mì. Èmi tí mo ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ nídìí ni ojú ẹ̀yìn rẹ̀. Bí mi ò bá wí pé, "Ẹ̀yìn mọ́," kò ní jù ú.

Kò fi ọ̀pá ìwọ̀ lé mi lọ́wọ́ rí. Á ní, "Ọwọ́ tìrẹ le, Mọ́rọ́nfọ́lá, àjẹ̀ ló mọ̀." Àfi bí Sàdíátù ṣe dé, tí ọkọ wa di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ọ̀pá, tó ń kọ́ ọ: "Jẹ́ kó nà, ìyàwó, má kánjú." Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Sàdíátù á yíjú sí mi: "Ìyáálé, ẹ máa wò ó, èmi náà á pẹja fún yín jẹ!" Kò sí ẹ̀gàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀gàn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kùrukùru bo ọ̀sà, ẹyẹ kan kò ké. Sàdíátù wà láàrin, ó ń gbọ́n omi tó jò wọlé. Ìbàdí ń ro ó, ó dìde láti na ara. Ojú mi báyìí ló ṣe dìde. Ọdẹ́wálé gbé ọ̀pá sókè, ó ń retí ohùn mi. Mo wo orí Sàdíátù. Mo wo ìwọ̀. Mo ní, "Ẹ̀yìn mọ́."

Igbe kan ni, ìwọ̀ ti há sójú Sàdíátù. Ọdẹ́wálé ju ọ̀pá nù, ó gbá a mọ́ra. "Mọ́rọ́nfọ́lá! Ṣebí o fọhùn?"

Mo ní, "Mi ò la ẹnu. Etí yín ló tàn yín."

Ẹ ò rí ìkà! Ojú ìyàwó kò tó mi, mo tún gba etí ọkọ. Ó kó ọ̀pá ìwọ̀ sínú iná. Títí ó fi kú, kò gba etí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Ohun tí ọmọdé bá sọ fún un, á ní kó tún un sọ.

Ṣùgbọ́n bí mo ti pa irọ́ náà tán nínú ọkọ̀, Sàdíátù gbé ojú kan tó kù sókè, ẹ̀jẹ̀ ń kán láàrin ìka rẹ̀, ó wò mí. Ó ti gbọ́ mi. Kò sọ ọ́ fún ẹnì kan dòní.

Ojú tèmi náà ti di bàìbàì, eegun ẹja kì í hàn sí mi mọ́. Òun ló ń yọ ọ́ fún mi. Á ní, "Ìyáálé, ẹ la ẹnu, eegun ti tán." Ohùn tí mo fi pe "ẹ̀yìn mọ́" náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo sì ń la ẹnu.

Ẹ ka èyí sí i létí. Sàdíátù, ìyàwó mi, dárí jì mí. Bí inú rẹ kò bá lè yọ́, má sọ fún mi. Ṣáà sọ pé eegun ti tán, n óò la ẹnu.